Lẹ́tà oníbàárà rẹ ń wọ Spam? Wo bí o ṣe lè kọ́ ímeèlì rẹ láti dá jìbìtì mọ̀

Fún ọlọ́jà ní Adum, àárín gbùngbùn ìlú Kumasi, ímeèlì kan tó sọnù lè gbé owó lọ. Lẹ́tà tó bá dárúkọ wúrà, Ghana àti owó fífiránṣẹ́ pọ̀ lè jọ ti oníjìbìtì lójú ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ ni.

Lọ́dún 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Paul Graham, ṣàlàyé ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀: kó lẹ́tà rere sí fódà kan, kó jìbìtì sí òmíràn, kí ẹ̀rọ máa ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹyọ nínú méjèèjì. Bí "wúrà" bá pọ̀ nínú lẹ́tà rere tìrẹ, ẹ̀rọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ fura sí i mọ́. Ó ṣe tán, oníṣòwò wúrà ní Kumasi àti agbẹjọ́rò ní Ìbàdàn kì í gba irú lẹ́tà kan náà.

Ó gba sùúrù o. SpamAssassin kì í lo ẹ̀kọ́ yìí, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, àfi tó bá ti rí lẹ́tà rere 200 àti jìbìtì 200.

Nítorí náà, má kàn pa jìbìtì rẹ́. Tẹ "Report spam". Èyí tó ṣìnà wọ ibẹ̀, tẹ "Not spam" fún un. Má sì pẹ́: lẹ́yìn 30 ọjọ́, Gmail á pa á rẹ́.