Ẹdùn Àrá Inú Ebè

Bí a bá ń kọ ebè lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ìkìlọ̀ kan wà tí bàbá mi àgbà kì í gbàgbé: bí ọkọ́ bá kan òkúta dúdú tó ń dán, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe àgbà. Ẹdùn àrá ni. Ṣàngó ló jù ú láti òkè.

Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì mú, ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó.

Òjò ló ń tan wá jẹ. Omi á wọ́ erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ, ilẹ̀ á mọ́, òkúta á yọjú níbi tí kò sí lánàá, bẹ́ẹ̀ àrá ti sán mọ́jú. Ta ni kò ní gbà pé òkè ló ti já bọ́?

Àwọn oníṣàngó kì í fi ṣeré. Inú ọpọ́n igi lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n ń fi epo pupa pa á, wọ́n ń fi orógbó àti àgbò bọ ọ́. Bí àrá bá sì sán lu ilé, àwọn Mọ́gbà, àwọn àwòrò Ṣàngó, ló ń wá hú u jáde, onílé á san owó ètùtù. Mo bọ̀wọ̀ fún Ṣàngó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó tó tún ń fúnra rẹ̀ walẹ̀, mo máa ń fẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn Ẹ̀dó ń gbé e sórí ojúbọ àwọn baba ńlá wọn. Àwọn Àṣáńtì ní Gánà, tí wọ́n ń pè é ní àáké Ọlọ́run, máa ń fi í sínú ìkòkò omi lórí igi tó ya ẹ̀ka mẹ́ta ní àgbàlá láyé àtijọ́, wọn a sì máa wọ́n omi náà sára ará ilé. Àwọn kan a tiẹ̀ máa ha á, wọn a po ẹ̀búlẹ̀bú rẹ̀ mọ́ egbòogi. Kò kúkú sẹ́ni tó ń fi í gégi mọ́, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Torí àáké ni. Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ló lọ̀ ọ́ títí ó fi mú. Lọ́dún 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ walẹ̀ ní Ihò Eléérú, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí. Wọ́n bá egungun ènìyàn tó ti lé ní 10,000 ọdún. Nínú erùpẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n ti rí àáké òkúta àti àfọ́kù ìkòkò. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣeé fi ṣe ẹnu ọfà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dán, àgbẹ̀ kì í kà á sí.

Ní Bùràsíìlì, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú rí irú àáké bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onílẹ̀ láti ayébáyé. Wọ́n gbé e sínú ọpọ́n igi, wọ́n ta epo sí i, wọ́n kí Ṣàngó.