Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà: Báwo Ni A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ara Rẹ̀ Dá?



Nínú ìpàdé wa tí ó kọjá, ó yà mí lẹ́nu láti gbọ́ bí àwa tí ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ti pọ̀ tó. Owó ìfẹ̀yìntì ni ẹlòmíràn fi bẹ̀rẹ̀; owó ilé-ìwé ọmọ ni ẹlòmíràn ń retí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan náà ni ó wà lẹ́nu púpọ̀ nínú wa: "Mo ra ọmọ ẹja, wọ́n kú láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí ó tà wọ́n fún mi ni ó rẹ́ mi jẹ." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì jẹ̀bi.

Ọmọ ẹja 500 ni mo rà lọ́wọ́ ìyá kan, mo sì dà wọ́n sínú adágún sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹrin, èyí tí ó kú ti lé ní 300. Mo da oògùn sínú omi, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo lọ bá ìyá náà ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sì fi ẹ̀sùn kàn án lójú àwọn oníbàárà pé ẹja aláìsàn ni ó tà fún mi. Pẹ̀lú kọ́là àlùfáà lọ́rùn mi ni mo sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò kan tí ó jáde ní ilé-ìwé yìí lẹ́yìn mi, tí ó sì kọ́ nípa ẹja sísìn, wá wo adágún náà. Ó kó mẹ́wàá nínú ẹja tí ó kù sínú bàsíà omi kànga. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́sàn-án nínú wọn ti ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Nínú adágún, ikú kò dáwọ́ dúró. Omi mi ni ó ń pa wọ́n. Ìyá náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí a tó sanwó

Ẹ ní kí ẹni tí ń tà á fi àwọ̀n bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí ẹ sì wò wọ́n níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èkínní ni ìrìn wọn. Ẹja tí ara rẹ̀ dá yóò sá bí a bá ti ọwọ́ bọ omi. Èyí tí ó ń yí bírí lójú kan, tí ó ń fẹ̀gbẹ́ wẹ̀, tàbí tí ó dúró lóòró bí ọ̀pá, ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì ni awọ ara. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́ tí yóò fi bo àrùn mọ́lẹ̀: ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán, kí ó sì máa yọ̀. Àbààwọ́n funfun bí òwú, egbò pupa, lẹbẹ tí ó ti ya, tàbí irun ẹnu tí ó ti gé, kò dára. Ẹ̀kẹta ni ikùn: kí ó má wú, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn títí tí orí yóò fi tóbi ju ara lọ. Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n: kí wọ́n ṣe déédé, nítorí àrọ̀ a máa jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí tí ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, tí àwọn olùsìn ẹja ń pè ní ṣútà, yóò máa gbé wọn mì, ẹ óò sì rò pé olè ni.

Ohun kan ń tan ènìyàn jẹ. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan ní orí tí ó fi ń mí atẹ́gùn òkè. Bí ó bá yọrí, tí ó gbé atẹ́gùn mì, tí ó sì padà sísàlẹ̀, ẹ má ṣe fòyà. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ bá dúró sí òkè omi láìpadà, ewu ń bẹ.

Nígbà tí a bá délé

Kí ẹja má ṣe jẹun ní ọjọ́ ìrìnàjò, kí ìgbẹ́ rẹ̀ má baà ba omi inú ọ̀rá jẹ́. Ẹ gbé ọ̀rá náà lé omi adágún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì máa bu omi adágún sí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, wọn yóò kó jọ sí igun kan, wọn lè má jẹun, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè kú. Láàrin ọjọ́ kan sí méjì, ó yẹ kí wọ́n tú ká, kí wọ́n sì máa jẹun. Àìsàn ní tirẹ̀ a máa le sí i: òkú òní yóò ju ti àná lọ. Nítorí náà, ẹ máa ka òkú lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Bàsíà ẹlẹ́rìí

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹja, ẹ yọ mẹ́wàá sínú bàsíà ńlá tí omi tí ẹ mọ̀ pé ó dára wà nínú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n bò ó, nítorí àrọ̀ a máa fò jáde, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìdajì omi náà lójoojúmọ́. Bí ti bàsíà bá yè tí ti adágún ń kú, omi adágún ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí méjèèjì bá ń kú bákan náà, ẹja náà tàbí ìrìnàjò rẹ̀ ni ó lẹ́jọ́. Nígbà náà ni ẹ lè padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ìwé pélébé kan wà tí a fi ń dán omi wò. Láti 6.5 dé 8 ni ó tẹ́ àrọ̀ lọ́rùn. Tèmi ti kọjá 10, nítorí sìmẹ́ǹtì tuntun. Irú adágún bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba omi, kí a dà á nù, kí a tún pọn òmíràn sí i, léraléra fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì tún dán an wò kí ẹja tó wọ̀ ọ́.

Mo padà lọ bá ìyá náà. Bí mo ti fẹ̀sùn kàn án lójú àwọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ lójú wọn. Ó ní, "Ó ti tán, sà. Ká ní ẹ bi mí léèrè ni, ǹ bá ti sọ fún yín pé adágún tuntun kì í gba ẹja." Àwọn àgbà ní, agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tilẹ̀ ti dá ẹjọ́ tèmi kí n tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra ọmọ ẹja di òní, bàsíà ẹlẹ́rìí kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún mi. Kí Ọlọ́run bù kún ilé-ìwé wa àti iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.