Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdí tí àmì-ẹ̀yẹ fíìmù fi ń sú ayé

Nígbà tí fíìmù Titanic gba Oscar lọ́dún 1998, àwọn tó wo ayẹyẹ náà lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 55. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 2021, iye wọn ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àrùn kòrónà nìkan ló fà á. Ojú òǹwòran ti là: wọ́n ti rí owó gọbọi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń ná lórí ìpolówó àti àsè kí àwọn olùdìbò lè ṣíjú wo fíìmù tiwọn. Ti àmì-ẹ̀yẹ Golden Globes tilẹ̀ burú jù, nítorí lọ́dún 2021 ni ìwé ìròyìn Los Angeles Times tú u fó pé nínú àwọn akọ̀ròyìn 87 tó ń dìbò, kò sí ẹyọ aláwọ̀ dúdú kan. Òṣèré Tom Cruise kó ère Golden Globes mẹ́ta tó ti gbà padà fún àwọn tó ń ṣètò rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, síbẹ̀ nílé wa níbí náà, lọ́dún 2022, tí fíìmù ọmọ káàárọ̀-oò-jíire mẹ́ta, Aníkúlápó, Ẹlẹ́ṣin Ọba àti King of Thieves, wà níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù tí Nàìjíríà yóò fi ránṣẹ́ sí Oscar, ìbò tó pọ̀ jù sọ pé kò sí èyí tó yẹ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n jàre.