Ọ̀rọ̀ Ẹnu Kan Tí Ó Mú Èlé Gbèsè Sípéènì Wálẹ̀

Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gé èlé rẹ̀ láti 27.5 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èyí tí í ṣe ìgékù àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kò kúrò lórí rédíò: ọ̀kan ní náírà yóò gbérí, èkejì ní ọjà yóò tún gbówó lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú ni pé wọ́n ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ti ẹni tí ó wo ojú ọ̀run, tí ó ní òjò yóò rọ̀. Bẹ́ẹ̀ òjò kì í gbọ́ ohun tí a sọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà a máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Yúróòpù ní oṣù Keje ọdún 2012. Gbèsè ti wọ ìjọba Sípéènì lọ́rùn, àwọn tí ìwé gbèsè rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn sì ń tà á ní ẹ̀dínwó, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé owó Yúrò lè fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwé tí a kọ Yúrò 100 sí lára, tí ó ń san 5 lọ́dọọdún, bí ẹni tí àyà ń já bá tà á ní 70, èlé ẹni tí ó rà á ti lé ní 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò sì tún yá ìjọba náà lówó tuntun ní èlé tí ó dín sí èyí? Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù ṣe ń dá kún ẹrù gbèsè, tí ẹrù náà sì ń sọ ìbẹ̀rù di òtítọ́. Robert Merton ti Yunifásítì Columbia ti ṣàlàyé irú èyí láti ọdún 1948, nígbà tí ó fi báńkì tí ara rẹ̀ le ṣe àpẹẹrẹ, tí àhesọ lásán kó àwọn oníbàárà wá gba owó wọn títí ó fi wó.

Èlé ìwé gbèsè ọlọ́dún mẹ́wàá Sípéènì ti kọjá 7 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí Mario Draghi, ọmọ Ítálì, olórí Báńkì Àpapọ̀ Yúróòpù, dìde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 26 oṣù náà, tí ó ní báńkì òun ṣetán láti ṣe ohunkóhun tí ó bá gbà, níwọ̀n bí àṣẹ rẹ̀ ti mọ, kí Yúrò má baà parun. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò: lọ́jọ́ náà gan-an ni èlé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, báńkì náà kéde ètò tí yóò fi máa ra ìwé gbèsè ìjọba tí wàhálà bá bá. Kò fi ètò náà ra ìwé kan ṣoṣo rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ̀ nìkan ni ó mú kí ọ̀rọ̀ Draghi ṣẹ. Irving Fisher ti Yunifásítì Yale, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, sọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1929 pé owó ìpín ìdókòwò ti gun òkè tí kò ní í sọ̀ mọ́; kí oṣù náà tó parí, ọjà ti dojú dé, dúkìá tirẹ̀ náà sì bá a lọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Lójú tèmi, ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé Draghi ní agbára àtitẹ owó jáde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, Fisher kò sì ní ju orúkọ rere lọ. Ní ti àwọn amòye orí rédíò wa, mo fura pé ọjà ni ó ń darí ẹnu wọn ju bí ẹnu wọn ti ń darí ọjà lọ. Àmọ́ bí gbogbo wọn bá fi ohùn ṣọ̀kan pé náírà yóò wó, oníṣòwò Balógun ní Èkó Akéte yóò fi owó lé àǹkárá tí ó ti rà sílẹ̀ láti oṣù tí ó kọjá, nítorí owó tí yóò fi ra òmíràn ni ó ń rò.