Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ pè wọ́n

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin àgbà wa, ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ ra dátà láàárọ̀, kó tó di alẹ́, wọ́n ní ó ti tán. Tàbí kẹ́ ẹ máa bá ọmọ yín tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, kí ohùn rẹ̀ máa gé. Ẹ má bínú ju fóònù sílẹ̀, ẹ má sì gbé e fún ẹni tẹ́ ẹ kò mọ̀ dáadáa pé kó bá yín tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ pa fóònù tàbí ráútà, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ tẹ *323# láti mọ iye dátà tó kù. Kóòdù yìí kan náà ni lórí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, àjọ NCC tó ń mójú tó wọn ló pa á láṣẹ. Ẹ rántí pé fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ lórí Facebook máa ń jẹ dátà gan-an.

Bí kò bá tíì lọ, ẹ pe 300, nọ́ńbà àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà nìyẹn. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó fa wáyà wọlé yín ni, ẹ wo nọ́ńbà wọn lára rìsíìtì. Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ pàdé lórí Facebook, ayédèrú pọ̀ níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó pè, ẹ mú bébà àti bíírò. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó bẹ̀rẹ̀, iye tẹ́ ẹ fi ra dátà, àti bóyá ó ń ṣe àwọn aládùúgbò yín náà. Bó bá ń ṣe wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ náà ló ti wá. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Iléeṣẹ́ náà lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ibi tí ewu wà nìyí. Àwọn oníjìbìtì máa ń pe àwọn àgbà, wọ́n á ní iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti láìnì yín pa. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún wọn. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń gba WhatsApp ẹni, òun náà ni wọ́n fi ń kówó ní báńkì. Ẹni tó fẹ́ tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe kò nílò PIN káàdì ATM yín. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, ẹ pa fóònù, kẹ́ ẹ fúnra yín pe 300.

Bẹ́ ẹ bá ti kà á fún wọn, ẹ má tijú, ẹ má sì dúró dìgbà tí ọmọ yín bá dé. Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa.

Lónìí, ẹ kọ 300, 622 àti nọ́ńbà báńkì yín gàdàgbà sórí bébà kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣáájì fóònù.