'Submission', 'shortlist', 'nominee': Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn olùdarí fíìmù ṣe lè kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, láti Sabon Zongo dé Oscars

Bí o bá mọ Sábó ní Ìbàdàn tàbí ní Ṣágámù, o ti mọ ìdajì orúkọ Sabon Zongo, àdúgbò kan ní ìlú Accra lórílẹ̀-èdè Ghana. Èdè Hausa ni "sabon", tuntun ló túmọ̀ sí. "Zongo" sì ni ibùdó àwọn àlejò àti oníṣòwò tó ti òkèèrè wá.

Àwọn Hausa tí Malam Bako jẹ́ aṣíwájú wọn ló tẹ àdúgbò náà dó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí wọ́n kúrò ní zongo àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Àwọn Yorùbá náà gbé nínú àwọn zongo Ghana, kí àṣẹ ìjọba Busia lọ́dún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn padà sílé.

Lónìí, Hausa ni èdè àdúgbò. Twi àti Ga ni wọ́n fi ń nájà ní Abossey Okai nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ti iléèwé àti ọ́fíìsì.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ lè gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, síbẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì inú fọ́ọ̀mù àti ìwé àdéhùn máa dí i lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Mushin, ní Cotonou àti ní Lomé.

Ọ̀kan lára ọ̀nà tí kò náni lówó púpọ̀ láti kọ́ ọ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn olùdarí fíìmù tí wọ́n yàn fún àmì ẹ̀yẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń padà wá. Ohun tí o kò gbọ́ lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lé Lionheart kúrò

Ọdún 2019 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ fi fíìmù ránṣẹ́ síbi ìdíje Oscars. Lionheart ni fíìmù náà, Genevieve Nnaji ló darí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Ghana fi tirẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ìyẹn Azali tí Kwabena Gyansah darí, ìtàn ọmọbìnrin kan láti àríwá Ghana tó bá ara rẹ̀ ní Accra.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Academy yí orúkọ ìsọ̀rí ìdíje yìí padà. "Foreign Language Film" ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di "International Feature Film". Ẹni tó bá ka orúkọ nìkan yóò rò pé èdè kò jẹ́ nǹkan kan mọ́.

Àmọ́ òfin inú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré gbọ́dọ̀ jẹ́ "predominantly" èdè mìíràn tó yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. "Predominantly" túmọ̀ sí pé apá tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni. Lionheart gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 95, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 péré ni wọ́n fi sọ èdè Igbo.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ tí ìròyìn lò ni "disqualified", èyí tó jẹ́ òdìkejì "eligible", ìyẹn ẹni tó tó láti kópa. Nnaji fèsì pé bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni fíìmù òun fi hàn, àti pé kì í ṣe àwa la yan ẹni tó mú wa sìn.

Azali kò ní ìṣòro yẹn, nítorí èdè Dagbani àti àwọn èdè Ghana mìíràn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2020, Nàìjíríà fi The Milkmaid ti Desmond Ovbiagele ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Hausa, Fulfulde àti Lárúbáwá. Academy gbà á wọlé.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín 'submission', 'shortlist' àti 'nominee'?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kéde pé wọ́n ti "yan" fíìmù kan fún Oscars nígbà tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ ni. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀:

• Submission: fíìmù tí orílẹ̀-èdè fi ránṣẹ́. Ibí ni Azali àti The Milkmaid dé.

• Shortlist: orúkọ díẹ̀ tí wọ́n ṣà jáde. Mẹ́wàá ni lọ́dún tí Azali kópa, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

• Nominee: àwọn márùn-ún tó kù fún ìdìbò ìkẹyìn. Timbuktu, fíìmù Abderrahmane Sissako tí Mauritania fi ránṣẹ́, dé ibí lọ́dún 2015.

• Winner: ẹni tó gbé àmì ẹ̀yẹ lọ sílé. Tsotsi láti South Africa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2006.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ni "special mention", ìyẹn oríyìn tí ìgbìmọ̀ ń fún iṣẹ́ tí kò gba ipò kìíní. Irú rẹ̀ ni My Father's Shadow ti Akinola Davies Jr. gbà níbi ìdíje Caméra d'Or ní Cannes lọ́dún 2025. Fíìmù "debut" ni ìdíje náà wà fún, èyí tó túmọ̀ sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí olùdarí ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tanni jẹ

Bí olùdarí bá ní òun "shoot" ní Accra, kò yin ìbọn fún ẹnikẹ́ni, fíìmù ló yà. "Score" kì í ṣe góòlù, orin abẹ́lẹ̀ inú fíìmù ni. "Cast" ni gbogbo àwọn òṣèré, nígbà tí "crew" jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí a kì í rí lójú àwòrán. "Final cut" ni fíìmù bó ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán.

Etí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èdè Yorùbá kò ní ìró "z", ìdí nìyí tí "prize", ẹ̀bùn ìdíje, fi máa ń dún bíi "price", iye owó ọjà, lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Hausa ní ìró yìí, nítorí náà kò le fún ọmọ Sabon Zongo.

Tún fetí sí ibi tí ohùn ti ga. Nínú "nominate", ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ga. Nínú "nominee", ìparí ni. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò tètè gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tó lè gba owó lọ́wọ́ rẹ

Àwọn olùdarí máa ń sọ bí wọ́n ṣe ta fíìmù wọn. Kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí o bá gbọ́ wọn:

• Rights: ẹ̀tọ́ láti fi fíìmù náà hàn tàbí láti tà á.

• Exclusive: ẹni kan ṣoṣo ló ni ẹ̀tọ́ náà, o kò lè tún un tà fún ẹlòmíì.

• In perpetuity: títí láé.

• Gross àti net: "gross" ni gbogbo owó tó wọlé, "net" ni ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìnáwó. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí ìdá mẹ́wàá "net" fún lè má gba kọ́bọ̀ bí ìnáwó bá gbé gbogbo owó náà mì.

Báwo ni kí o ṣe máa gbọ́ ọ?

Mú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò yé ọ, kí o sì méfò ìtumọ̀ wọn kí o tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Lẹ́ẹ̀kẹta, dá a dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ọ́ jáde.

Ní ìparí, ròyìn ohun tí olùdarí náà sọ fún ẹnìkan ní Yorùbá tàbí Hausa. Ibi tí ìtàn bá ti já mọ́ ọ lẹ́nu, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò tíì yé ọ wà. Padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.