Àwọn Ìlú Tí Ń Fi Omi Dídì Ṣọdún

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá wọlé ní ilẹ̀ wa, ọyẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Ètè a bó, ẹsẹ̀ a sán, àwọn àgbà a sì dá iná yá láàárọ̀. A máa ń sọ pé òtútù mú. Ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀ kan wà ní apá àríwá ayé tí òtútù tiwọn ju èyí lọ fíìfíì. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pe ìgbà náà ní hiver. Ìgbà òtútù ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Kí ló ń fà á? Ayé fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti ń yí oòrùn ká. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé oṣù Èrèlé, apá àríwá kò kọjú sí oòrùn dáadáa. Oòrùn a pẹ́ kí ó tó yọ, a sì tètè wọ̀. Omi odò a wá dì bí omi tí a gbé sínú fìríìjì. Níbòmíràn, ó ń nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gba orí rẹ̀ kọjá. Dípò òjò, yìnyín ni yóò máa bọ́. Kì í ṣe yìnyín líle tí àwa mọ̀, tí ń dún gbàgà lórí páànù. Èyí rọ̀, ó funfun, ó ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Kò sí àgbẹ̀ tó lè ro oko nígbà náà.

Síbẹ̀, àárín ìgbà yìí gan-an ni àwọn ìlú kan yàn láti ṣe ọdún ńlá. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta nínú wọn.

Ìlú Québec wà ní Kánádà. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ti Kútọnu lọ kò ní wá ògbufọ̀. Àmọ́ ohùn wọn yàtọ̀ sí ti ará Paris. Ó di ìgbà tí etí bá mọ́ ọn. Ọdún 1894 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọdún ìgbà òtútù ńlá níbẹ̀. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, títí ó fi di ọdọọdún láti 1955. Ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń dé àárín oṣù Èrèlé. Wọ́n ń fi omi dídì kọ́ ààfin. Ẹnìkan a sì gbé ẹ̀kú funfun wọ̀ bí ènìyàn tí a fi yìnyín mọ, pẹ̀lú fìlà pupa àti ọ̀já aláràbarà. Bonhomme ni wọ́n ń pè é, òun sì ni olórí ọdún náà.

Ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ ni èmi rò pé ó tó ohun tí à ń torí rẹ̀ rìnrìn àjò. Odò Saint-Laurent ló pín Québec níyà sí ìlú Lévis. Odò náà fẹ̀ tó bíi kìlómítà kan níbẹ̀. Omi òkun ń wọ inú rẹ̀, ó ń fà padà, nítorí náà omi dídì orí rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń kọlu ara wọn, ó sì ń ṣàn lọ. Ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ rìn ín, kò sì lè wa ọkọ̀ tààrà lórí rẹ̀. Láyé àtijọ́ kò sí afárá. Ta ni yóò wá gbé lẹ́tà, ẹrù àti èrò kọjá? Àwọn ọlọ́kọ̀ ni. Bí wọ́n bá rí omi, wọn a fi àjẹ̀ wà á. Bí wọ́n bá kan omi dídì, wọn a fò jáde, wọn a sì wọ́ ọkọ̀ lọ lórí rẹ̀. Níbi tí kò ti dá wọn lójú, wọn a gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, wọn a máa fi èkejì ti ilẹ̀ dídì náà. Bó bá ya lójijì, ọwọ́ wọn ti wà lára ọkọ̀. Ikú kò jìnnà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí omi náà tutù débi pé ẹni tó bá já sí i kò ní pẹ́ tí apá rẹ̀ yóò fi kú tipiri.

Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sọ di eré lónìí. Ènìyàn márùn-ún ló ń wà nínú ọkọ̀ kan, wọ́n ń wọ bàtà tó ní ìṣó lábẹ́, gbogbo ìlú a sì tò sí etí odò láti wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Ṣáínà. Ìlú Harbin wà ní àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀, lẹ́bàá odò Songhua. Òtútù ibẹ̀ le ju ti Québec lọ. Àwọn apẹja ibẹ̀ ní fìtílà kan láyé àtijọ́. Wọ́n á bu omi sínú korobá, wọ́n á gbé e síta. Ẹ̀gbẹ́ omi náà ló ń kọ́kọ́ dì. Àárín rẹ̀ a ṣì wà ní omi. Wọ́n á wá yọ ọ́ kúrò nínú korobá, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á da omi àárín nù, wọ́n á sì fi àbẹ́là sínú ihò náà. Ìmọ́lẹ̀ ń jáde, atẹ́gùn kò sì lè pa á.

Láti inú fìtílà kékeré yìí ni ọdún wọn ti jáde. Ní 1963 wọ́n ṣe àfihàn irú fìtílà bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà kan láàárín ìlú. Rògbòdìyàn ìṣèlú dá a dúró fún ọdún púpọ̀. Láti 1985, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣí ọdún náà. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, àwọn òṣìṣẹ́ a lọ fi ayùn gé omi dídì lójú odò bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ àti bíríkìlà tí òtútù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Wọn kò wá sìmẹ́ńtì láti fi kọ́lé náà: omi ni wọ́n ń dà sáàárín búlọ́ọ̀kù méjì, ó ń dì, ó sì lẹ̀ pinpin. Iná mànàmáná aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀. Alẹ́ ni kí àlejò lọ wò ó.

Ti Sapporo ní Jàpáàn kò gùn ní sísọ. Ní 1950, àwọn ọmọ ilé-ìwé fi yìnyín mọ ère mẹ́fà nínú ọgbà Odori, níbi tí àwọn ará ìlú ti máa ń kó yìnyín dànù sí. Àwọn èrò wá wò ó. Ní 1955 àwọn ọmọ ogun dá sí i, ère náà sì di gàgàrà. Òní, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn ló ń wá ní oṣù Èrèlé. Bí ọdún bá ti parí, katakata ló ń wó àwọn ère náà, kí wọ́n má bàa wó lu ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀wù nínípọn kan ṣoṣo. Ẹ̀wù mẹ́ta lórí ara wọn sàn jù, torí afẹ́fẹ́ àárín wọn ni kì í jẹ́ kí ooru ara jáde. Kí ó bo etí, kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́. Kí ó má fi ọwọ́ lásán di irin mú. Bí ìka bá funfun, tí kò sì mọ ìrora mọ́, òtútù ti ń pa á nìyẹn. Kí ó má fi yìnyín ra á, kí ó má sì nà án sí iná. Kí ó wọ inú ilé kíákíá, kí ó kì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó sì wá dókítà. Ẹni tó bá mú ọmọdé dání, kí ó máa wo imú àti etí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí ọmọ tó ń ṣeré kò ní sọ fún un.